Ara kọ́kọ́, èémí tẹ̀lé e: ìdáhùn fún olùkọ́ kan tí àṣàrò rẹ̀ kò dúró

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí ní Ọ̀fà, mo lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Lẹ́yìn asùbáà ni mo máa ń jókòó ṣe àṣàrò fún 20 ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n kí n tó mọ̀, owó ilé ìwé àwọn ọmọ ni mò ń ṣírò. Ọrùn àti èjìká mi máa ń le. Ẹnì kan ní kí n máa mí kanlẹ̀ dáadáa. Mo ṣe é, òòyì kọ́ mi, ètè àti ọmọ ìka mi sì ń ṣe bíi pé èèrà ń rìn lórí wọn. Wọ́n tún ní kí n máa fi ojú inú wo ara mi níwájú ìgbìmọ̀ tó máa fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò nítorí ìgbéga lóṣù tó ń bọ̀ ní Ìlọrin. Òkùnkùn nìkan ni mò ń rí. Ṣé dandan ni kí n tan àbẹ́là? Ṣé kò sì ní ta ko ẹ̀sìn mi?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ kíkọ́ o, mà. Ìbéèrè yín pọ̀, àmọ́ ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀: ìparí iṣẹ́ lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀. Àṣàrò àti fífi ojú inú wo nǹkan ló gbẹ̀yìn. Ara ló ṣáájú, èémí tẹ̀lé e, ẹ̀yìn ìyẹn la tó fún ọkàn ní ohun kékeré kan tó máa dì mú. Ẹni tó fo àwọn yẹn, tó kàn jókòó tó ní kí ọkàn dákẹ́, ìṣírò owó ló máa ṣe, nítorí èjìká tó fà sókè àti eyín tó fún pọ̀ ṣì ń sọ fún ọpọlọ pé iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀. Nínú 20 ìṣẹ́jú yín, 15 ló tọ́ sí ara nìkan ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Kò pọ̀ jù.

Àkókò asùbáà tí ẹ mú dára, ẹ má yí i padà. Oúnjẹ alẹ́ ti dà, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kò tíì máa hó, bí wọ́n bá sì mú iná lọ, ooru kò tíì mú débi tí ẹ ó máa làágùn. Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe nírọ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kó tó wákàtí 2 lẹ́yìn oúnjẹ tó wúwo. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán tán, oorun ló ń wá. Ẹ má ṣe é lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ lo àga tí ẹ̀yìn rẹ̀ nà gbọọrọ, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀. Bó bá jẹ́ orí ẹní ìkírun lẹ fẹ́ jókòó sí, ẹ ká aṣọ ìbora sábẹ́ ìdí títí ìbàdí yóò fi ga ju orúnkún lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn á tẹ̀, ẹsẹ̀ á sì kú kí ẹ tó ṣe ìdajì. Ẹ tú ìró díẹ̀: ìró tí a ró pinpin kì í jẹ́ kí ikùn gbéra, a ó sì nílò ikùn láìpẹ́. Lásìkò ọyẹ́, ẹ da nǹkan bora, nítorí ara ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń tutù, òtútù á sì mú iṣan le padà. Eruku ọyẹ́ tó ń dí imú kò yẹ kó yọ yín lẹ́nu púpọ̀. Omi tí ẹ fà símú nígbà àlùwàlá ti ṣe iṣẹ́ yẹn, kí ẹ ṣáà fun imú dáadáa kí ẹ tó jókòó.

Ẹ mú ìwé kékeré kan àti bírò sún mọ́ tòsí. Kí ẹ tó di ojú, ẹ kọ ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn sílẹ̀, ọ̀kan lórí ìlà kan, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ máa ṣe sí i àti ọjọ́ tí ẹ máa ṣe é. Bí àpẹẹrẹ: owó ilé ìwé, kí n béèrè ní Mọ́ńdè bóyá wọ́n á gba ìdajì. Ìṣẹ́jú 2 tó. Ọkàn tó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà rò, ẹ̀rù pé kó má gbàgbé ló ń bà á. Tó bá ti rí i lórí ìwé, ó máa ń dẹwọ́.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ kí ẹ fi dẹ ara ni èyí tí Edmund Jacobson, dókítà ará Amẹ́ríkà, gbé jáde. Ìwé rẹ̀ lórí rẹ̀ jáde ní 1929. Ẹni tí iṣan rẹ̀ ti le tipẹ́ kì í mọ̀ mọ́ pé ó le. Tí ẹ bá ní kó dẹ ara, kò mọ ohun tó máa dẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń mọ̀ọ́mọ̀ mú iṣan náà le sí i ná, kí ìyàtọ̀ lè hàn nígbà tí a bá tú u.

Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ di ẹ̀ṣẹ́. Bí gbogbo agbára yín bá jẹ́ 10, 7 ni kí ẹ lò. Tí ọwọ́ bá ti ń gbọ̀n, ó ti pọ̀ jù. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 7, kí ẹ sì tú u lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni sọ ẹrù orí kalẹ̀. Ẹ má rọra tú u, torí iṣan tí a rọra tú kì í jẹ́ kí ìyàtọ̀ hàn. Lẹ́yìn náà, fún ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, ẹ má ṣe nǹkan kan ju pé kí ẹ máa kíyè sí ọwọ́ náà: ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó lè wúwo, ó lè máa ta díẹ̀díẹ̀. Inú ìsinmi yìí ni èrè wà. Àwọn tó ń kánjú á fún ọwọ́ pọ̀ fún àáyá 7, wọ́n á sinmi fún 3, wọ́n á wá ní ọ̀nà náà kò ṣiṣẹ́. Ẹ ṣe ọwọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Láti ibẹ̀, ẹ ká ìgbọ̀nwọ́ kí iṣan apá òkè le; ẹ tú u; ẹ ṣe ti òsì bákan náà. Ẹ bọ́ sí ojú: ẹ fa awọ iwájú orí sókè bí ẹni tí ẹnu yà, ẹ tú u, ẹ di ojú pinpin kí ẹ sì kó imú jọ, ẹ tú u, ẹ fún eyín pọ̀, ẹ tú u. Ẹnu yìí ni kí ẹ fún ní àsìkò jù. Tí ẹ bá ti tú u, ètè lè pàdé, ṣùgbọ́n eyín òkè kò gbọdọ̀ kan ti ìsàlẹ̀, kí ahọ́n sì sùn sílẹ̀ nínú ẹnu. Ẹni tó ń fi ohùn ṣiṣẹ́ níwájú kíláàsì látàárọ̀ máa ń gbé ọ̀pọ̀ àárẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀ láìmọ̀. Ní ti ọrùn, ẹ má yí i, ẹ má sì tì í sẹ́yìn. Èjìká ni kí ẹ gbé sókè kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí, kí ẹ dúró fún 5, kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni kí ẹ ṣe tiyín, níwọ̀n bó ti jẹ́ ibẹ̀ ló ń le. (Bí ìrora ọrùn bá ń ta dé apá, tàbí apá ń kú tipiri, dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ rí. Ìyẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ dídẹ ara.) Ẹ mú ikùn le, ẹ tú u. Ẹ tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀ kí itan le, ẹ tú u. Fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun, ẹ fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè sí ọ̀nà orúnkún, ẹ má nà án síwájú, torí nínà síwájú ló ń fa pajápajá. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló kẹ́yìn, kò sì gbọdọ̀ ju àáyá 5 lọ nítorí pajápajá yẹn náà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni dídi èémí mú nígbà tí iṣan bá le. Ẹ máa mí lọ bó ṣe máa ń rí. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló yẹ kó ṣọ́ra jù, nítorí iṣan fífún pọ̀ pẹ̀lú èémí dídì máa ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè lójijì. Kó lo 3 tàbí 4 nínú agbára 10, kó má sì torí pé ara tù ú jáwọ́ nínú oògùn rẹ̀. Aláboyún, ẹni tó ní ìpá àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò gbọdọ̀ mú ikùn le rárá. Fún irú wọn, ọ̀nà mìíràn wà tí Johannes Schultz, oníṣègùn ọpọlọ ará Jámánì, tẹ̀ jáde ní 1932, tí kò ní fífún kankan nínú: ẹ ó kàn máa sọ lọ́kàn pé "ọwọ́ ọ̀tún mi wúwo", ẹ̀ẹ̀mẹfà, láìkánjú, kí ẹ tó bọ́ sí ọwọ́ kejì àti ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìwúwo náà tipátipá kò ní rí i. Kó sọ ọ̀rọ̀ náà, kó dúró.

Gbogbo ara láti ọwọ́ dé àtẹ́lẹsẹ̀ máa ń gba ìṣẹ́jú 12 sí 15 fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lè kó o pọ̀ sí mẹ́rin: ọwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, ojú àti èjìká, ikùn, ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìyẹn kò ju ìṣẹ́jú 5 lọ.

Ní ti ètè tó ń ṣe bíi pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀: kì í ṣe àmì pé àṣàrò ti ń wọlé, kò sì sí ọwọ́ ayé nínú rẹ̀. Èémí ló pọ̀ jù. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń mí bí ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan, èyí tó ń fà sì mọ níwọ̀n. Bó bá ń fa afẹ́fẹ́ rẹpẹtẹ wọlé tó ń tú u jáde léraléra, carbon dioxide (afẹ́fẹ́ tí à ń mí jáde) inú ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ á fún, òòyì á dé, ètè àti ọmọ ìka á bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Ẹni tó ní kí ẹ mí kanlẹ̀ kò fi kún un pé kó má pọ̀. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ pa ẹnu dé, ẹ fi imú mí díẹ̀díẹ̀, kí ìmíjáde gùn. Á lọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ má fi ọ̀rá tàbí àpò bébà bo imú àti ẹnu, ohun tí àwọn kan ṣì ń kọ́ni. Ó léwu fún ẹni tó bá jẹ́ pé ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Tí àyà bá ń dùn yín pẹ̀lú rẹ̀, tàbí tó ń wá láìjẹ́ pé ẹ ń dá èémí ṣe, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí ẹ ó ṣe mí nìyí. Ọwọ́ kan lórí ikùn, ọ̀kan lórí àyà. Ti ikùn ni kó máa gbéra. Ti àyà, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira. Ẹ gba imú mí wọlé fún àáyá 4, ẹ gba imú mí jáde fún 6. Ìyẹn jẹ́ èémí 6 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń fún yín lọ́rùn, ẹ fi 3 àti 4 bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi ọ̀kan kún un lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó jókòó tì yín kò gbọdọ̀ gbọ́ èémí yín. Kò sí ìdí láti dì í mú láàárín, ohun yòówù kí fídíò tí ẹ wò ti sọ. Ìmíjáde tó gùn ló ń ṣe iṣẹ́ náà: nígbà tí a bá ń mí wọlé, ọkàn máa ń lù yára díẹ̀, nígbà tí a bá ń mí jáde, okùn ìmọ̀lára kan tó ti inú ọpọlọ gba ọrùn wá sí àyà, tí wọ́n ń pè ní vagus, á fà á padà. Ẹ lè wò ó fúnra yín. Ẹ fi ìka méjì sórí iṣan ọrùn ọwọ́, kí ẹ máa mí bí mo ṣe wí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa rí i pé ó ń lọ́ra nígbà ìmíjáde. Ìṣẹ́jú 5 tó.

Ìgbà yìí la tó kan ọkàn. Ẹ jẹ́ kí èémí padà sí bó ṣe fẹ́, kí ẹ máa ka ìmíjáde nìkan láti 1 dé 10, kí ẹ tún padà sí 1. Tí ẹ bá sọ iye nù, 1 ni kí ẹ padà sí, láìbá ara yín wí; ìbínú sí ara ẹni náà jẹ́ èrò mìíràn tó máa gbé ọkàn lọ. Tí ẹ bá bá ara yín ní 17, ẹnu ló ń kà, ọkàn ti lọ. Ẹ máa kà á sẹ́yìn nígbà náà, láti 10 wá sí 1, torí kíkà sẹ́yìn kò ṣeé fi oorun ṣe. Ẹni tó padà sí 1 lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú 5 kò fi àkókò ṣòfò. Ìpadà yẹn gan-an la fi ń kọ́ ọkàn.

Àbẹ́là kì í ṣe dandan, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú epo jẹnẹrétọ̀ tàbí tí ọmọdé ti ń sáré kiri. Àwọn tó ń lò ó máa ń gbé e sí ọ̀kánkán ojú, ní bí ìwọ̀n gígùn apá kan, wọ́n á wo iná náà fún ìṣẹ́jú 1 sí 2, wọ́n á di ojú, wọ́n á máa tẹ̀lé àmì ìmọ́lẹ̀ tó kù nínú òkùnkùn títí yóò fi parẹ́. Ẹni tó ní wárápá tàbí àìsàn ojú kò gbọdọ̀ dán an wò, fáànù kò sì gbọdọ̀ máa fẹ́. Àmì dúdú kan lórí bébà funfun, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1, tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri, á ṣe iṣẹ́ kan náà fún ìpọkànpọ̀. Kí ẹ máa ṣẹ́jú bó ṣe wù yín. Ojú tó ń ṣomi nítorí àìṣẹ́jú kò fi kún nǹkan kan.

Ní ti ẹ̀sìn: kò sí àdúrà nínú fífún iṣan pọ̀ àti títú u, kò sí ọfọ̀, kò sí orúkọ kankan tí à ń pè. Bí ohùn kan tí ẹ gbà sórí fóònù bá ní kí ẹ máa tún ọ̀rọ̀ kan sọ ní èdè tí ẹ kò gbọ́, ẹ pa á, ẹ ka nọ́ńbà. Ẹ fi tẹ̀súbáà sílẹ̀ fún sìkírì kí ohun méjì má baà dàpọ̀ mọ́ ara wọn. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfáà yín ló lè dáhùn.

Ó wá ku òkùnkùn tí ẹ ń rí. Francis Galton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bi àwọn ènìyàn léèrè bí wọ́n ṣe ń rí tábìlì oúnjẹ àárọ̀ wọn lọ́kàn, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1880: àwọn kan rí i kedere, àwọn kan kò rí ohunkóhun. Ní 2015, Adam Zeman, dókítà ọpọlọ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àìrí àwòrán lọ́kàn yìí ní orúkọ, aphantasia. Kì í ṣe àìsàn. Àwọn tó bá rí bẹ́ẹ̀ ń lo ìró, òórùn, ìwúwo àti ìrìn ara dípò àwòrán, ìyẹn sì ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Àmọ́ ẹ má tíì ka ara yín mọ́ wọn. Ẹni tí èjìká rẹ̀ le, tí èémí rẹ̀ sì ń sáré, kò ráyè fún àwòrán kankan.

Ọsàn kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e sọ́wọ́, ẹ wò ó, ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹ fi èékánná họ èèpo rẹ̀ kí omi rẹ̀ ta. Ẹ di ojú kí ẹ tún gbogbo rẹ̀ rò ní bó ṣe ṣẹlẹ̀. Òórùn ló máa ń kọ́kọ́ dé. Àwòrán lè tẹ̀lé e tàbí kó má tẹ̀lé e. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ lè lo fọ́tò ọ̀kan nínú àwọn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kwara, àwọn tí wọ́n kọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà fún ní 1945: kó wò ó fún ìṣẹ́jú 1, kó di ojú, kó ka ohun tó rí láti irun dídì wá sí ọwọ́, dé àga tí ère náà jókòó lé, kó sì la ojú wo ohun tó gbàgbé.

Tó bá kan ti ìgbìmọ̀, ẹ má wo ara yín láti òkèèrè bí ẹni tó ń wo fídíò. Ohun tí ojú yín máa rí ni kí ẹ wò: ọwọ́ ilẹ̀kùn, tábìlì, ojú àwọn tó jókòó. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ sí Ìlọrin ṣáájú ọjọ́ náà kí ẹ fojú rí ẹnu ọ̀nà ilé náà. Ibi tí ènìyàn kò dé rí ṣòro láti fi ojú inú kọ́. Ẹ jẹ́ kó máa lọ ní ìwọ̀n àsìkò tó máa gbà lójú ayé, láti ìkíni dé ìjókòó dé ìbéèrè àkọ́kọ́. Ẹ fi ìbéèrè kan tí ẹ kò mọ̀ sí i, kí ẹ gbọ́ ara yín tí ẹ ń sọ pé "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un bi mí", kí ẹ mí jáde, kí ẹ dáhùn. Àwọn tó ń fi ojú inú wo àtẹ́wọ́ nìkan kì í mọ ohun tí wọ́n máa ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ bá há. Ìṣẹ́jú 3 sí 5 tó lóòjọ́.

Ohun mẹ́ta lè dé bá yín lọ́nà. Oorun: ẹ la ojú sí ìdajì, ẹ kúrò lára ẹ̀yìn àga. Ara tó ta pọ́n-ún lójijì bí ẹni tó fẹ́ ṣubú: oorun ló ń bọ̀, kò ṣe nǹkan. Ẹ̀rù tàbí àyà jíjá tó ń pọ̀ sí i bí ara ṣe ń dẹ̀: ó wà fún àwọn kan, ẹ má sì fi agbára tẹ̀síwájú. Ẹ la ojú, ẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ dárúkọ ohun márùn-ún tí ẹ ń rí nínú yàrá. Tó bá jẹ́ pé ìrántí ohun burúkú kan ló ń jáde, tàbí ẹni náà ti ní àìsàn ọpọlọ rí, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó tẹ̀síwájú. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀ka tó ń rí sí irú rẹ̀. Ẹ má sì gbọ́ ohùn tó ń dẹni lára nígbà tí ẹ bá ń wa mọ́tò láti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin.

Nígbà tí aago fóònù bá dún, ẹ má dìde lójijì. Ẹ di ẹ̀ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ na apá, ẹ la ojú, ẹ dúró díẹ̀ lórí àga, nítorí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ máa ń wálẹ̀ nígbà ìsinmi, ìdìde òjijì sì lè fa òòyì.

Pẹ̀lú oṣù kan tó kù, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ṣe ara nìkan pẹ̀lú èémí ìṣẹ́jú 5. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ara ìṣẹ́jú 5, èémí 5, kíkà 5, ọsàn 5. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìgbìmọ̀ gba ipò ọsàn. Tó bá wá di ọjọ́ náà, tí ẹ ń dúró kí wọ́n pè yín wọlé, kò sí àyè fún gbogbo rẹ̀: ẹ gbé èjìká sókè lẹ́ẹ̀kan kí ẹ jù ú sílẹ̀, ẹ ya eyín òkè kúrò lára ti ìsàlẹ̀, ẹ mí jáde fún 6 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ sì wọlé.